Kí synthesizer tó lè sọ̀rọ̀ bí gángan: àpótí tuntun kọ́ ló kù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ìdílé Àyàn ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ kíbọ́ọ̀dù ni mò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ra synthesizer kan ní tòkunbọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná dá ohùn orin, Korg MS-20 mini ni, mo sì ní pẹ́dà gìtá méjì, ọ̀kan fún ẹ́kò, ọ̀kan tó ń mú ohùn há. Mo fẹ́ kí synth náà máa sọ̀rọ̀ bíi gángan, ṣùgbọ́n bíi fèrè ọkọ̀ ló ń dún. Bàbá mi gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Kí ni ẹ̀rọ yìí ń wí?" Mo ti ń tọ́jú owó láti ra àpótí Eurorack, èyí tí a ń to ẹ̀yà synth tí wọ́n ń pè ní module sí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n kó module ẹ́kò àti ti ríìfáàbù (ohùn tó ń ró bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá) sí i nínú. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà nínú wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bàbá rẹ ti dáhùn ìbéèrè náà kí o tó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọn ò sọ pé ohùn ẹ̀rọ náà kò dára. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹ́kò ò lè tún ìyẹn ṣe. Ọ̀rọ̀ tí kò já gaara lẹ́ẹ̀kan, bí a bá dá a pa dà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ariwo lásán ni yóò dà. Nítorí náà, jẹ́ kí owó yẹn ṣì wà níbi tó wà. Ohun tí ò ń wá ti wà lára MS-20 náà, lápá ọ̀tún níbi tí ihò wáyà pọ̀ sí. Mo fura pé o kò tíì fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ká tó dé ibẹ̀, gbé gángan bàbá rẹ, kí o wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ọwọ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ọwọ́ kan mú kọ̀ǹgọ́, òun ló ń sọ ìgbà tí ohùn máa jáde. Ọwọ́ kejì àti abíyá ń fún osán, àwọn ló ń sọ bí ohùn ṣe máa ga tó. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹnì kan ló ń ṣe é pọ̀. Nígbà tí Robert Moog ń kan àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ New York ní 1964, ohun tó ṣe kò jìnnà sí èyí. Ó fi agbára iná díẹ̀ rọ́pò osán: bí fóòtì, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná náà, bá gòkè, ohùn á ga, bó bá wálẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ó wá fi iná mìíràn rọ́pò kọ̀ǹgọ́, èyí tó kàn ń sọ pé "ó yá, lù ú". Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ti àkọ́kọ́ ní CV, wọ́n ń pe ti kejì ní gate tàbí trigger. Ẹ̀rọ tí fóòtì ń darí ni gángan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, àfi pé awọ ló fi ń ṣe fóòtì tirẹ̀.

Wàhálà rẹ wá ni pé kíbọ́ọ̀dù so iṣẹ́ méjèèjì yẹn mọ́ ìka kan ṣoṣo. Bí o bá tẹ dò, dò ló dé. Bí o bá tẹ mi, mi ló dé. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣe àtẹ̀gùn sí osán. Ibẹ̀ ni fèrè ọkọ̀ yẹn ti ń wá.

Dán èyí wò. Tẹ "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́" lórí kíbọ́ọ̀dù: re, mi, dò, dò, mi. Gbogbo àmì ohùn rẹ̀ ló pé, síbẹ̀ bí ọmọ tó ń ka á-bí-dí níwájú tíṣà ló máa dún. Ìdí ni pé ẹnu wa kì í fò láti dò sí mi. Tí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, bó ṣe rí nínú "rọ̀lẹ́", ńṣe ni ohùn òkè náà ń gùnkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Tí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ lé ti òkè, bó ṣe rí nínú "kú ì", ńṣe ló ń yọ̀ wálẹ̀. Ohùn àárín kì í bá wọn ṣe eré yìí, ojú kan ló ń dúró sí. Ohun kejì tún wà tí etí ń gbọ́ tí a kì í kíyè sí: bí gbólóhùn bá ṣe ń lọ, tí ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ń gba ara wọn rọ́pò, gbogbo rẹ̀ ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Mi tó wà lópin kì í ga tó mi tó wà níbẹ̀rẹ̀. Ìyáàlù mọ gbogbo èyí, nítorí ẹni tó gbé e kọ́rùn mọ̀ ọ́n. Synth rẹ kò mọ ọ̀kankan níbẹ̀, kò sì sí module tí wọ́n ń tà tó mọ̀ ọ́n.

Nǹkan méjì lo lè ṣe. Èyí tó rọrùn ni kí n kọ́kọ́ sọ.

Bọ́tìnnì kan wà lára MS-20 tí wọ́n kọ PORTAMENTO sí. Òun ló ń mú kí ohùn yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn dípò kó fò. Rọra yí i, díẹ̀ péré. Bí o bá yí i jù, gbogbo ohùn ni yóò máa yọ̀, tó fi mọ́ ohùn àárín tó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́, synth rẹ á wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti mu ẹmu yó. Ìyókù iṣẹ́ náà, kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù ni kí o fi ṣe é. Fa wáyà láti ihò kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ihò TOTAL, kí o wá fi bọ́tìnnì MG/T.EXT tó jẹ́ ti oscillator (apá tó ń dá ohùn sílẹ̀) pinnu bí yóò ṣe rìn jìnnà tó. Àwọn asẹ́ tó ń sẹ́ ohùn náà ní MG/T.EXT tiwọn; yí ìyẹn dé òdo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn á máa ṣókùnkùn á máa mọ́lẹ̀ láìnídìí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ti di kọ̀ǹgọ́ nìyẹn, ọwọ́ òsì ti di osán. Máa fa kẹ̀kẹ́ náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí gbólóhùn ṣe ń parí lọ. Má sì di ìka mọ́ kọ́kọ́rọ́ kíbọ́ọ̀dù bí olórin híìmù. Kàn án, kí o sì fi sílẹ̀ kíá, bí ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ tó sì kúrò.

Ohùn tó máa jọ awọ kò le. Mú oscillator àkọ́kọ́, kí o yàn ìgbì onígun mẹ́ta, torí pé ìyẹn ló tutù jù lọ nínú wọn. Oscillator kejì ní ibì kan tí wọ́n kọ RING sí, tó ń dún bí irin tí wọ́n kàn mọ́ irin. Fi ìwọ̀nba rẹ̀ sí i tí o bá fẹ́ kó ní saworo. MS-20 ní asẹ́ méjì, ọ̀kan ń sẹ́ ohùn wúwo dànù, ìkejì ń sẹ́ ohùn tó tinrín dànù, bí a ṣe ń sẹ́ ògì kúrò lára èérí. Máa ti èyí tó ń sẹ́ ohùn tinrín pa títí igbe ìgbì náà á fi rọ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn, òun náà ni mo rò pé ó yẹ ìdílé yín. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún MS-20, apá kan wà tí wọ́n ń pè ní External Signal Processor. Ó ti wà lára MS-20 àkọ́kọ́ tí Korg ṣe ní Japan ní 1978, wọn ò sì yọ ọ́ nígbà tí wọ́n gbé mini jáde ní 2013. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí o mú ohùn láti ìta wá, gìtá, ẹnu ènìyàn tàbí ohun mìíràn, kó sì pín in sí ohun tí synth lè lò: bó ṣe ga sí, bó ṣe le sí, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó lè gbọ́ gángan, kó ya osán sọ́tọ̀, kó sì ya kọ̀ǹgọ́ sọ́tọ̀. Èmi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ní Korg ti rí ìlù wa rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i ni, kò ní ju báyìí lọ.

Gbé máìkì sún mọ́ awọ gángan náà, kí o fi wáyà rẹ̀ sí ihò SIGNAL IN. Wáyà mẹ́ta péré ló kù. Láti F-V CV OUT lọ sí VCO 1+2 CV IN: osán nìyẹn. Láti TRIG OUT lọ sí TRIG IN: kọ̀ǹgọ́ nìyẹn. Láti ENV OUT lọ sí CUTOFF FREQ: nípa èyí, bí wọ́n bá lù ú kíkan, asẹ́ á ṣí, ohùn á mọ́lẹ̀, bí wọ́n bá fọwọ́ rọra kàn án, ohùn á ṣókùnkùn. Bọ́tìnnì EG2/EXT tó wà ní ìdí asẹ́ ni yóò sọ bó ṣe máa ṣí tó.

Kò ní ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, má jẹ́ kí ìyẹn bí ọ nínú. Apá tó ń wá gíga ohùn kò gbọ́n púpọ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló lè tẹ̀ lé. Bí ìlù méjì bá ń dún pọ̀, tàbí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi LOW CUT FREQ àti HIGH CUT FREQ síbẹ̀. Fún wọn pọ̀ títí kìkì ara ohùn ìlù ló máa gba àárín wọn kọjá. Bí ó bá jẹ́ ìyáàlù dùndún lẹ fẹ́ lò dípò gángan, ẹ tú saworo rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi aṣọ dì í; saworo yẹn á da iyè ẹ̀rọ rú pátápátá. THRESHOLD LEVEL ni kí o tún ṣe tẹ̀ lé e: bó bá lọ sílẹ̀ jù, gbogbo ìró ọwọ́ lára osán ni ẹ̀rọ máa kà sí ìlù, bó bá ga jù, kò ní gbọ́ ìlù tí wọ́n fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ lù. Lẹ́yìn náà ni kí o yí CV ADJUST títí ohùn synth á fi bá ti ìlù mu.

Ibì kan kù tó máa ń yọ ènìyàn lẹ́nu. Bí ohùn ìlù bá ti ń kú lọ, ẹ̀rọ kì í mọ ohun tó kù láti dì mú mọ́, gíga ohùn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o lo SAMPLE & HOLD, kí gíga ohùn dúró gbọn-in síbi tí kọ̀ǹgọ́ bá a. Má gbọ́ tiwọn. Gángan máa ń tẹ ohùn lẹ́yìn tó ti lù ú tán, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí o bá dì í, o ti pa ahọ́n rẹ̀. Dín DECAY àti RELEASE ti EG2 (apá tó ń darí bí ohùn ṣe ń jáde àti bó ṣe ń kú) kù ni, kí synth náà ti dákẹ́ kí gbígbọ̀n náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ní kí bàbá rẹ máa lù ú, kí ìwọ máa yí bọ́tìnnì. Á gbà yín ní ìrọ̀lẹ́ kan tàbí méjì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ́kò. Orúkọ rẹ̀ gan-an nínú èdè wa ni gbohùngbohùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti fi orúkọ náà jìn máìkì àti sípíkà láti ọjọ́ pípẹ́. Ewu tó wà níbẹ̀ fún èdè bíi tiwa pọ̀ ju ti gìtá lọ. Bí ìlù bá sọ "ọkọ̀" tí ẹ́kò rẹ̀ sì bọ́ sórí "ọkọ́" tó tẹ̀ lé e, olùgbọ́ ò ní mọ̀ bóyá mọ́tò lò ń sọ tàbí irinṣẹ́ oko. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè fi ẹ́kò bo ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀ kí ìtumọ̀ ṣì kù. Àwa ò lè ṣe é, pàápàá nígbà tó jẹ́ ìlù, tí kò ní kọ́ńsónáǹtì kankan tí etí lè dì mú.

Wo irú pẹ́dà tí o ní. Bó bá jẹ́ irú àtijọ́ tí kì í ṣe díjítà, ó ṣeé ṣe kó ní irú ẹ̀là kékeré tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Philips ní Netherlands hùmọ̀ ní 1969. Ó ń ta ohùn látagbè dé agbè, bí ìgbà tí àwọn ènìyàn bá tò láti odò dé ibi tí iná ti ń jó, tí wọ́n ń na korobá omi síra wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an nìyẹn, àwọn anakorobá (bucket-brigade). Omi ń dànù lójú ọ̀nà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ohùn bá pa dà wá ló ń ṣókùnkùn sí i. Ohun tó dára gan-an fún ọ ni, torí pé ohùn tó ṣókùnkùn ń sá sẹ́yìn, á fi iwájú sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tuntun. Díjítà tó mọ́ gaara ló máa ń bá ìlù jà. Tí tìrẹ bá jẹ́ díjítà tó sì ní bọ́tìnnì TONE, ti ìyẹn pa.

Má jẹ́ kí gbogbo ohùn gba inú ẹ́kò kọjá. Àwọn ará Jàmáíkà ti kọ́ wa ní èyí. King Tubby, tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní Kingston, kì í fi ẹ́kò sí orin látòkèdélẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 tó ń ṣe dub, ìyẹn orin régè tí wọ́n tún tò lórí míksà; ó máa ń jẹ́ kí orin gbẹ, kó wá ṣí ẹ́kò fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kó sì tún tì í. Míksà kékeré tó ní AUX, ọ̀nà tí a fi ń fi díẹ̀ lára ohùn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mìíràn, á ṣe é fún ọ, ó sì dájú pé ṣọ́ọ̀ṣì yín ní ọ̀kan. Fi MS-20 sí ojú ọ̀nà kan, kí AUX rẹ̀ lọ sí pẹ́dà, kí pẹ́dà pa dà sí ojú ọ̀nà mìíràn. Bí gbólóhùn bá kù díẹ̀ kó parí, yí AUX sókè fún ohùn ìkẹyìn nìkan. Ní ti ríìfáàbù, má ra á. Ṣọ́ọ̀ṣì olórùlé páànù tí ògiri rẹ̀ kò ní aṣọ ti ní èyí tó ju ẹ̀tọ́ lọ.

Kíyè sí VOLUME MS-20 náà. Agbára tí gìtá ń gbé wọ pẹ́dà kì í sábà tó fóòtì kan, synth sì lè gbé èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ̀ ọ́. Bí pẹ́dà rẹ bá ń fọ́ láìjẹ́ pé o fẹ́ kó fọ́, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Pẹ́dà kejì, èyí tó ń mú ohùn há, yọ ọ́ ná. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ ohùn líle àti ohùn jẹ́jẹ́ di ọ̀kan náà, kò sì sí onílù tó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

O bi mí léèrè ohun tí wàá kọ́kọ́ rà. Máa tẹ "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́" yẹn lójoojúmọ́ láìsọ fún bàbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá ọ lóhùn láti yàrá kejì láìmọ̀ pé ẹ̀rọ ni, ó yá, a lè sọ̀rọ̀ Eurorack. Nígbà náà, ohun mẹ́ta ni mo máa ní kí o rà, kò sí èyí tí í ṣe ẹ́kò nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni A-119 ti Doepfer, ilé iṣẹ́ Jámánì tó dá Eurorack sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Module yìí ń gbé ohùn tó wá láti ìta sókè dé ìwọ̀n tí Eurorack fẹ́, torí pé ohùn inú Eurorack máa ń tó fóòtì 10 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó sì tún ń wọn líle ohùn náà, ó ń sọ ọ́ di fóòtì. Èkejì ni èyí tó ń yí fóòtì sódì, ẹ̀kẹta ni VCA kan, èyí tí fóòtì ń sọ fún bí ohùn yóò ṣe le tó. Fi ohùn ìlù sí A-119, yí fóòtì líle rẹ̀ sódì, fi bọ́tìnnì VCA tí ẹ́kò ń gbà kọjá ṣí i sílẹ̀, kí o wá jẹ́ kí fóòtì yẹn máa darí rẹ̀. Nígbà tí ìlù bá ń sọ̀rọ̀, ẹ́kò á tẹrí ba. Nígbà tí ìlù bá mí, ẹ́kò á gbérí. Ìṣe King Tubby náà ni, àmọ́ ìlù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Pẹ́dà tí o ní lọ́wọ́ ni yóò ṣe ẹ́kò náà.

Má gbìyànjú láti fi CV tó wá láti MS-20 darí oscillator Eurorack o. Láti dò dé dò tó tẹ̀ lé e, fóòtì 1 ni Eurorack ń fi kún un: 1, 2, 3, 4. Korg yìí kì í fi kún un, ìlọ́po méjì ló ń ṣe: 1, 2, 4, 8. Orin yín á bàjẹ́ kí ẹ tó parí ìlà kìíní. Kódà ti kọ̀ǹgọ́ náà yàtọ̀, Eurorack ń gbé iná sókè láti sọ pé "lù ú", MS-20 ń fà á wálẹ̀ sí òdo. Ohùn lásán ni kó máa lọ láàárín wọn, ìyẹn kò ní wàhálà.

Bí o bá sì ti ń so module mọ́ iná nínú àpótí, ìlà pupa ara wáyà pẹlẹbẹ yẹn, ibi tí wọ́n kọ fóòtì −12 sí ni kó kọjú sí. Mo ti sun ọ̀kan rí ní agogo méjì òru, nítorí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, mo ti ń gbóòórùn rẹ̀. Má sì fi ádáptà MS-20 wọ pẹ́dà tàbí ti pẹ́dà wọ MS-20 nítorí pé 9 ni wọ́n kọ sára méjèèjì. Wo àmì àfikún àti àyọkúrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná wọn kí o tó kì í bọ̀ ọ́.